Láti Òkè Ààrẹ dé Kilimanjaro: ẹsẹ̀ kọ́ ni ìṣòro

Orí òkè la tẹ Ìbàdàn dó sí, àmọ́ ìlú náà kàn fi díẹ̀ lé ní 200 mítà ga ju ojú òkun lọ ni. Kilimanjaro, ní Tanzania, ga tó 5,895 mítà. Bí ẹ bá ń fi ẹrù kílò mẹ́wàá sẹ́yìn gun Òkè Ààrẹ n'Íbàdàn láràárọ̀, tí ẹ tún ń lọ gun òkè Adó-Àwáyè lópin ọ̀sẹ̀, itan yín á le dáadáa. Afẹ́fẹ́ òkè gíga ni kò sí ibi tí ẹ ti lè fi kọ́ra nílẹ̀ Yorùbá.

Lókè yẹn, ọ́síjìn ṣì jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, bíi ti Dùgbẹ̀. Agbára tó ń tì í wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ló dín kù. Ní ṣóńṣó òkè náà, ohun tí èémí kan ń gbé wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ju ìdajì ti ilé lọ.

Kí ẹ tó ra bàtà, ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín. Kí ẹni tó jẹ́ SS má dábàá ẹ̀ rárá. AS gan-an, tí a máa ń sọ pé kò ní wàhálà, àìtó ọ́síjìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ há sínú ọlọ inú rẹ̀. Bí ìrora líle bá mú un lábẹ́ ìhà òsì, kó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa Diamox náà, oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ láti mọ́ afẹ́fẹ́ òkè: 125 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú gígun òkè, ni wọ́n sábà máa ń kọ. Á jẹ́ kí ẹ máa tọ̀ léraléra, ìka á sì máa ṣe yín yìnrìnyìnrìn. Yẹ́lò káàdì, ìwé àjẹsára ibà pọ́njú, ńkọ́? Ẹ mú un dání.

Ọ̀nà Marangu, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tó gun òkè náà, ní ilé onípákó tí èèyàn ń sùn sí: Mandara ní 2,720 mítà, Horombo ní 3,720, Kibo ní 4,720. Ìrọ̀rùn yẹn ló ń tanni jẹ. Tí a bá ti kọjá 3,000 mítà, kò yẹ kí ibùsùn òní fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ, 1,000 sì ni ti ọ̀nà yìí. Ẹ má gba ti aṣètò tó ń ta ọjọ́ márùn-ún ní pọ́ọ́kú. Ẹ san owó ọjọ́ kan lé e, kí ẹ sun Horombo lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ rìn dé àpáta Zebra Rocks lókè rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì padà wá sùn nísàlẹ̀. Bí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ ni kí ẹ máa rìn. Ọ̀dọ́ tó lágbára ló sábà máa ń kó sí wàhálà, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára ju bí ara rẹ̀ ṣe ń mọ́ra lọ.

Orí fífọ́ àti èébì tó ń gbéni: ẹ dúró níbi tí ẹ wà, ẹ má gòkè sí i. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ọpọlọ rẹ̀ ló ń wú. Bó bá ń mí hẹlẹ níbi tó jókòó sí, tó ń wúkọ́ tó ní ìfófòó, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn méjèèjì ń pani. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Láti Kibo, nǹkan bí agogo méjìlá òru ni wọ́n ń gbéra. Òtútù lè dé ìwọ̀n 15 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ dorí ìgò omi kodò, torí òkè ni omi ti ń kọ́kọ́ di yìnyín. Ẹ fi fóònù sínú síńgílẹ́ẹ̀tì, kí bátìrì má kú. Oúnjẹ ò wu ẹnu, oorun ò sí, gìgísẹ̀ ẹni iwájú nìkan lẹ ń rí fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àgbàlagbà ń sunkún níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ń bínú sí ọ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Gilman's Point, etí òkè tí ẹ ó kọ́kọ́ dé, sì ń fọ́ ọ̀pọ̀ lọ́kàn: wọ́n rò pé ó ti parí, láìmọ̀ pé ó ku wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì dé Uhuru, ṣóńṣó òkè náà gan-an.

Ìtìjú ló burú jù. Ẹni tó yá owó, tí gbogbo ará àdúgbò ń retí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp, kì í fẹ́ gbà pé ó ti rẹ òun. Ọpọlọ tí ọ́síjìn ò tó sì lè máa sọ fún un pé kò sí nǹkan. Nítorí náà, nílẹ̀ ni kí ẹ ti bá afinimọ̀nà ṣàdéhùn pé bó bá ní ẹ padà, kò sí àríyànjiyàn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà lẹ ó tún sọ̀kalẹ̀ ju 2,000 mítà lọ dé Horombo. Orúnkún á ké, ìka ẹsẹ̀ á máa gbá iwájú bàtà. Ẹ gé èékánná kúrú kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì so okùn bàtà le níbi ọrùn ẹsẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èékánná á dúdú, ó tiẹ̀ lè re.