Òkúta inú kíndìnrín

Wọ́n fọ́ òkúta inú kíndìnrín mi lánàá, ẹ bá mi dúpẹ́. Kò sí ọ̀bẹ rárá. Mo dùbúlẹ̀, wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì tútù nini pa mí níhà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì alágbára fọ́ òkúta láti ìta ara bẹ̀rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi rọ́bà ta mí láìsinmi. Mo kà á dé 300, ó sú mi. (Ìlú Munich ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ tọ́jú èèyàn, lọ́dún 1980.)

Ìgbà tí mo tọ̀, ó pọ́n bíi zobo. Àyà mi já! Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìgbì yẹn kì í mọ sórí òkúta nìkan, ó máa ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí léṣe, àwọn èròjà kéékèèké oníjàgídíjàgan tí wọ́n ń pè ní free radical á sì máa bà wọ́n jẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn táwọn olùwádìí fi ń dán fítámì E àti irú rẹ̀ wò, bóyá yóò dáàbò bo àwọn sẹ́ẹ̀lì náà.

Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe gbọ́ fítámì báyìí, ó ti ra ike fítámì C ńlá dé. Dókítà ní ká gbé e kúrò níbẹ̀: àpọ̀jù rẹ̀ ń di oxalate nínú ara, ohun tó sì ń di òkúta fún ọ̀pọ̀ èèyàn gan-an nìyẹn! Ojú ẹ̀gbọ́n mi wálẹ̀. Ọsàn ni mo ń bó jẹ báyìí, pẹ̀lú omi, omi, omi.