Ẹ má tíì ra header, ẹ kọ́kọ́ ka èyí

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ra mọ́tò eré nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, torí ariwo ni wọ́n ṣe ń sáré ra header, ìyẹn àwọn páìpù tó ń gba èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ ariwo lẹ fẹ́, ẹ pààrọ̀ sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn, kí ẹ fowó tó kù ra táyà gidi.

Subaru BRZ 2013 ni mo ń wà ní Houston. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 ni, agbára ẹṣin 200, kò ní turbo (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì). Ẹni tó bá ti wà á rí mọ ibi tó ti máa ń rẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ láàárín nǹkan bíi 3,000 sí 4,500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), á máa fà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Header tó dáa ń dí púpọ̀ nínú kòtò yẹn, torí òun ló ń gba èéfín lẹ́nu sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí èéfín bá ṣe ráyè jáde tó ni afẹ́fẹ́ tuntun á ṣe ráyè wọlé tó.

Àmọ́ láìsí tune, ìyẹn títún ìṣirò inú brainbox ṣe, ẹ ò tíì jẹ èrè ẹ̀. Brainbox mọ́tò ò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ nǹkan kan, ìṣirò àtijọ́ ló ṣì ń lò. Ìgbà tí owó header àti owó tune bá jọ wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó dìde, ìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ò bá jẹ ọ́ìlì, tí kílọ́ọ̀ṣì ò sì yọ̀. Kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ gbé mọ́tò gorí dyno (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára mọ́tò), kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí owó yín rà.

Ìgbà kejì tó yẹ kẹ́ ẹ ra header ni tí header ti ilé iṣẹ́ bá ti sán. Ẹ fetí sílẹ̀ láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù: ẹ ó gbọ́ tík-tík-tík, tó bá gbóná, á dákẹ́. Ó lè jẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì lásán o, ẹ yẹ ìyẹn wò ná.

Ti Subaru WRX àtàwọn mọ́tò onítúrbò yàtọ̀. Downpipe (páìpù tó ń gba èéfín lẹ́yìn turbo) àti tune ló ń ṣáájú níbẹ̀. Ìró gbù-gbù-gbù tí wọ́n fẹ́ràn lára WRX àtijọ́ pàápàá, header tí páìpù ẹ̀ ò gùn dọ́gba ló fà á. Ẹ fi èyí tó dọ́gba sí i, ìró ọ̀hún á lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin wá ń kọ́? Inú header BRZ yìí gan-an ni catalytic converter, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́, wà. Tí ẹ bá ra èyí tí kò ní i, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, kóòdù P0420 (pé catalytic converter ò ṣiṣẹ́ dáadáa) lẹ ó máa rí, òórùn epo á gba aṣọ yín, òfin ìjọba àpapọ̀ sì lòdì sí i. Texas ti pa àyẹ̀wò ààbò mọ́tò rẹ́ láti 2025, àmọ́ àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní Harris County níbí. Àwọn ará California ní tiwọn, ẹ wá èyí tó ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda CARB, àjọ tó ń rí sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tú header, ẹ fọ́n òróró tí wọ́n fi ń tú bóòtù tó ti dípẹtà sí bóòtù ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bóòtù tó bá ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì lè gbówó ju iṣẹ́ náà lọ. Ẹ nu header tuntun dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣáná sí mọ́tò, torí àmì ìka ọwọ́ máa ń jóná mọ́ irin stainless, kì í sì í kúrò bọ̀rọ̀.