Láàárín Peckham àti Sábó

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2024, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo nà sí òṣìṣẹ́ ìbò ní Peckham. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó sì fún mi ní ìwé ìbò. Òfin Ìlú Ọba gbà kí ọmọ orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́lì tí ó ní àṣẹ ìgbélùú dìbò yan aṣòfin, ohun tí àwọn ará ilé kì í tètè gbà gbọ́. Miatta Fahnbulleh, tí wọ́n bí ní Liberia, ni ó wọlé ní àdúgbò wa. Nínú aṣòfin 650, àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tó 90, bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1987, Diane Abbott, Paul Boateng, Bernie Grant àti Keith Vaz ni àwọn tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí.

Nígbà tí Kemi Badenoch, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní oṣù Kọkànlá, wọ́n pè mí láti Ifẹ̀ láti kí mi kú oríire bí ẹni pé àbúrò mi ni. (N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àwa tí a ṣí wá, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.)

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Haúsá, ní Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá ní Ilé-Ifẹ̀, tí a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀, ẹnu Ifẹ̀ rẹ̀ sì já gaara ju tèmi lọ. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò sọ pé dandan ni kí aṣòfin jẹ́ ọmọ bíbí àgbègbè tí yóò ṣojú fún. Kí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó, kí ó ní ìwé mẹ́wàá, kí ó sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo wá bi í bóyá yóò gbégbá ìbò fún ọ̀kan nínú ìjókòó 26 ilé aṣòfin Ọ̀ṣun. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn.

"Ta ni yóò fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ̀yin àti Modákẹ́kẹ́ tí ẹ jọ ń sọ Yorùbá, ṣebí lórí ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ ni ẹ ṣe jà ní 1997?"

N kò rí èsì fún un. Ó wá bi mí bóyá èmi lè du ipò aṣòfin ní Peckham láì tíì di ọmọ Ìlú Ọba. Mo ní bí mo bá ti gba ìwé ìgbélùú gbére, òfin kò dí mi lọ́nà. Ó ní kí n tún un sọ.