Nígbà tí páńkíríásì bá wú lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta

Inú rírun wà tó máa ń mú ènìyàn lókè ìdodo, tó ń gba inú já sí ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé àfi kéèyàn jókòó kó tẹ̀ síwájú kó tó rọjú díẹ̀. Ọgbẹ́ inú ni ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ń pè é. Wọ́n á ra oògùn ọgbẹ́ inú ní kẹ́míìsì, ìrora á lọ, á tún padà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí lipase inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tí páńkíríásì fi ń da ọ̀rá oúnjẹ, bá tó ìlọ́po 3 òkè òdiwọ̀n tó yẹ, tí ìrora sì rí bí mo ṣe wí, páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, ló wú.

Òkúta inú àpò òróòro àti ọtí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ká tó ní kì í ṣe méjèèjì, ká wádìí wọn dáadáa. Ẹni tó lóun kì í mutí, tó ń gbé páraga láràárọ̀ torí jẹ̀díjẹ̀dí, ọtí ló ń mu. Skáànù tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kún inú náà lè má rí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ara bá ti yá, láìjẹun fún wákàtí 6 sí 8. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS lè ní òkúta yìí láti kékeré, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń fọ́ lójoojúmọ́ ló ń dì í.

Bí a kò bá rí méjèèjì, àkókò tí a gba ẹ̀jẹ̀ ló wá kù ká wò, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti máa ń ṣì í. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní triglyceride lè mú páńkíríásì wú bó bá ti kọjá 1,000 mg/dL, ìyẹn 11.3 mmol/L. Àtọ̀gbẹ tí a kò kápá, oyún àti oògùn tó ní estrogen, èròjà ara obìnrin, lè gbé e ga tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aláìsàn tí kò jẹun, tí wọ́n fa omi sí lára, ọ̀rá náà á já wálẹ̀ kíákíá. Ẹ bá dókítà sọ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò bá ti tòrò, tí omi orí rẹ̀ funfun bí omi wàrà, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ tún lè tan ẹ̀rọ jẹ, kí amylase, èròjà páńkíríásì mìíràn tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò, hàn bíi pé kò ga rárá.

Ti kálísíọ́ọ̀mù yàtọ̀ pátápátá. Bó bá pọ̀ jù lára, ó lè fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n wíwú páńkíríásì fúnra rẹ̀ máa ń fà á wálẹ̀, kó wá dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹ tún un wò pẹ̀lú albumin, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé kálísíọ́ọ̀mù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ga, ẹ wo PTH, èròjà tó ń gbé kálísíọ́ọ̀mù ga, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ẹṣẹ́ mẹ́rin kékeré tó wà lẹ́yìn táírọ́ìdì lè ti wú. Iṣẹ́ abẹ ló ń yanjú ìyẹn.

Ọ̀dọ́ tí kò mutí, tí inú ti ń run láti kékeré, tó rù, tí ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́ràá tó ń léfòó, tí ṣúgà sì tún wá bẹ̀rẹ̀, X-ray inú nìkan lè fi òkúta funfun hàn káàkiri páńkíríásì rẹ̀. Àwọn dókítà Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1969. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan pákí nítorí májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀: àwọn tó ń jẹ pákí gan-an wà tí àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún láfún.

Bó bá jẹ́ pé bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ ló ní in, èpè kọ́. Àbùkù inú jíìnì PRSS1, tí wọ́n rí ní 1996, ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Omi tó ń da oúnjẹ, tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tó bá dé ìfun, ló ń jí nínú páńkíríásì, tó ń jẹ ẹ́. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ogún ọdún, bí òbí kan bá sì ní in, ìdajì sí ìdajì ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan láti jogún rẹ̀.

Aràn inú pẹ̀lú lè fà á bó bá wọnú ọ̀nà òróòro; skáànù á fi hàn bí okùn gígùn. Àìsàn tí ara ń bá ara rẹ̀ jà wà pẹ̀lú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún IgG4, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara fi ń jà, ló lè tọ́ka sí oríṣi rẹ̀ kan, oògùn prednisolone sì máa ń tètè kápá rẹ̀.

Ní ti oògùn, ẹ kọ gbogbo èyí tí ẹ ń lò sílẹ̀, àti àgbo: azathioprine tó ń dín agbára ìjà ara kù, furosemide tó ń mú ènìyàn tọ̀, àti valproate tí wọ́n fi ń wo wárápá wà lára àwọn tó lè fà á. Ẹ má dá valproate dúró fúnra yín o, gìrì lè gbé aláìsàn. Dókítà ni yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò èsì ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ sórí fóònù, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gbà á sí i, nítorí dókítà tó bá rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò ní mọ̀ bóyá ẹ ti jẹun tàbí ẹ kò tíì jẹ.