Omi Asà, edé Ọjà Ọba

Ọjọ́bọ̀, Ìlọrin.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo ń gba orí afárá Asà lọ sọ́jà láàárọ̀, omi ti pọ́n, náílọ́ọ̀nù píọ̀wọ́tà bò ó lójú. Mo dúró wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ibẹ̀, n kò dúró rí. Ohun tí mo rí ní Lẹ́kí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dá mi dúró.

Àbúrò mi ló mú mi dé ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko níbẹ̀, hẹ́kítà 78, tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Afárá orí igi ni gbogbo èèyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀, mítà 401 gbáko. Èmi náà gùn ún, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ṣùgbọ́n àbàtà ìsàlẹ̀ ló gba ọkàn mi: omi dúdú tó pa rọ́rọ́, ọ̀bọ tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹ jáde lẹ́nu ọ̀nà, ilé lé ilé ni, orí àbàtà tí wọ́n fi yanrìn dí.

Ní Ọjà Ọba, mo ra edé.

“Àlájà, ẹ kú ọjà o. Níbo ni edé yìí ti wá?”

“Etí òkun ni, ọmọ mi. Àbí Asà ni yóò ti wá?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín, torí Asà kì í dúró sí Ìlọrin. Àríwá ló ń ṣàn lọ, títí yóò fi bọ́ sínú Odò Ọya. Ọya á gba Lọ́kọ́jà kọjá, á pín sí ẹsẹ̀ odò jáǹtírẹrẹ kó tó wọ òkun. Ibẹ̀ ni igbó ẹ̀gbà, igi etí òkun tí wọ́n ń pè ní “mangrove”, tó fẹ̀ jù ní Áfíríkà wà. Gbòǹgbò ẹ̀gbà a máa yọ sókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn, omi iyọ̀ kì í pa á. Irú edé mìíràn a máa yé sójú òkun, ọmọ rẹ̀ a bá omi wọlé wá sá pamọ́ sáàárín gbòǹgbò yẹn títí yóò fi dàgbà. Wọ́n gé ẹ̀gbà, ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀, edé á sì wọ́n lórí àtẹ Àlájà.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, ọmọdékùnrin kan mu píọ̀wọ́tà tán lórí afárá, ó na náílọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá irin.

“Jọ̀ọ́, ọkọ mi, fún mi.”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó fún mi. Náílọ́ọ̀nù náà wà nínú àpò mi báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ edé.