Àlàbí Ki Ọwọ́ Bọ Àpò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Òjò òwúrọ̀ ò jẹ́ kí aṣọ tètè gbẹ lónìí, ni mo bá jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ Màámi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14, ń bá wọn rẹ aṣọ lọ́wọ́. Àfi bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe yọ lókèèrè tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, tòun ti aró. Wọ́n kọjá tán, ó ní òun ò ṣe mọ́, pé iṣẹ́ obìnrin ni.

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na fóònù sí mi. Géńdé kan tó fara ti mọ́tò ló ń jágbe níbẹ̀ pé ọkùnrin gidi kì í sunkún, kì í bẹ̀bẹ̀, kì í ya kíṣìnì, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ obìnrin, obìnrin ò ní í kà á kún. Fídíò náà ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọmọ náà ní bí òun bá ti wo ọ̀kan, fóònù á tún gbé irú ẹ̀ mìíràn wá.

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Àlàbí ọkọ mi, ta wá ló ń gé páànù fún ìyá mi?" Wọ́n wá là á yé e pé nígbà àwọn, ọkùnrin ló ń gé páànù inú àpótí tíì ní oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ kùn ún, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Obìnrin ló ń fi ìyẹ́ adìẹ ya tiwọn. Àwọn ọkùnrin ló tún ń fi ẹ̀rọ rán àdìrẹ alábẹ́rẹ. "Àwọn yẹn kì í ṣọkùnrin, àbí?"

Ọmọ ò fèsì.

Kí n má purọ́, géńdé orí fóònù kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣubú lórí àtẹ̀gùn Àpáta Olúmọ lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí eékún bó, ẹnu tèmi yìí ló sọ pé, "Dákẹ́ jàre, ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?" Ní Abẹ́òkúta o! Níbi tí àwọn obìnrin ti kó ara wọn jọ lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní 1947 nítorí owó orí, tí wọn ò sì sinmi títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ibẹ̀ ni mo ti ń fi obìnrin ṣe èébú.

Èmi náà, àbúrò bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tá a sin bàbá mi. Mo dákẹ́ lóòótọ́. Ó tó ọdún mẹ́rin kí ẹkún yẹn tó bọ́, nínú dáńfó ní Láfẹ́nwá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe mí ní nǹkan kan. Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé wọ́n jà mí lólè ni.

Mo sọ èyí fún ọmọ náà nírọ̀lẹ́, nígbà tá a ń ká aṣọ. Ó wò mí títí.

"Nínú dáńfó, bùọ̀dá?"

"Nínú dáńfó."

Ó rẹ́rìn-ín débi tí aṣọ fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Màámi pé kí wọ́n fún òun ní ìbọ̀wọ́. Ó ní nítorí èékánná ni.