Ọjọ́ tí mo rò pé mo gbọ́ Haúsá ní ọjà Zuba

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Bódìjà ni ìyá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, torí náà nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kubwa, ní Abuja, nínú oṣù Jánúárì, tí wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ ra èso ní Zuba ní Sátidé, ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Kí ló tún kù nínú ọjà tí ojú mi ò tíì rí?

Ọyẹ́ ọjọ́ yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Ètè mi ti là kí n tó fọ ẹnu tán. A wọ kẹ̀kẹ́ dé ojú títì ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, a wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Zuba, a kọjá Dei-Dei, Àǹtí ní kí n máa wo iwájú dáadáa o, pé bí a bá ti ń súnmọ́ Zuba màá rí àpáta Zuma. Mo wò títí ojú ń dùn mí, eruku funfun ni gbogbo ẹ̀. Mo bá yọ ₦100 lápò, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta, mo ní Àǹtí, òun rèé, mo ti rí i. Bàbá Awólọ́wọ̀ níwájú, Zuma lẹ́yìn, kí la tún ń wá? Wọ́n rẹ́rìn-ín, kọ́ńdọ́ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó gba ₦100 yẹn lọ́wọ́ mi, ó ní mo ṣì jẹ òun ní ṣéńjì.

Inú bọ́ọ̀sì yẹn náà ni Àǹtí ti ń kọ́ mi ní owó kíkà. Dari biyar ni ₦500, dubu daya ni ₦1,000, dubu biyu ni ₦2,000, dubu uku ni ₦3,000. Mo ń tún un sọ lẹ́yìn wọn bí ọmọ ilé kéú.

Ẹ̀yin ará mi, èso pọ̀ ní Zuba! Ọsàn tí wọ́n kó wá láti Benue, wọ́n dà á sílẹ̀ gègèrè, àwọn kan ṣì wà nínú àpò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Tírélà bàrà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ọmọkùnrin tò láti orí ọkọ̀ dé ilẹ̀, wọ́n ń ju bàrà ńláńlá síra wọn bíi bọ́ọ̀lù, ìkan ò sì já bọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi dúró wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìkan nínú wọn ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Àwọn tó ń ti bárò ò ní kúrò lẹ́yìn èèyàn, tó o bá ti mú ọsàn méjì báyìí wọ́n ti gbé bárò síwájú ẹ, bíi pé ilé lò ń kó.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni àwọn obìnrin Gbagyi (àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Gwari, àwọn gan-an ni wọ́n nilẹ̀ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀). Wọn kì í ru ẹrù sórí o, èjìká ni. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó gbé igbá iṣu lé èjìká ọ̀tún, ọwọ́ kan ló fi dì í mú, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́, kò tẹ̀ síbì kankan. Àǹtí ní wọ́n gbà pé orí ni ọba ara, a kì í sì í di ẹrù ru ọba. Mo dákẹ́ díẹ̀. Àwa tí à ń bọ orí, tí à ń fi orí búra, tí a tún wá ń gbé àpò gaàrí lé e lójoojúmọ́, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Bí a ṣe ń yí ọjà ká ni mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń polówó, ọ̀rọ̀ náà sì ń jọ tiwa. Wọ́n ní tattasai, mo ní ṣebí tàtàṣé nìyẹn. Wọ́n ní albasa, àlùbọ́sà. Orí mi wú, mo ní àṣé mo gbọ́ Haúsá tipẹ́, n ò kàn mọ̀ ni. Bí Àǹtí ṣe yà sídìí ọlọ́pẹ̀ òyìnbó, èmi dá lọ bá Malam kan tó ń ta bàrà, bàbá kan tó fi tẹ̀sùbáà kọ́ ọwọ́, ọsàn díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú. Mo fọwọ́ kan bàrà kan tó mọ níwọ̀n, mo ní "Nawa?", ìyẹn èló ni. Wọ́n ní "Dubu uku." Mo rántí Bódìjà, mo já a lulẹ̀ gbàgà, mo ní "Dubu daya."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní "Albarka."

Haa, àlùbáríkà! Ẹlòmíì ì bá bú mi, bàbá yìí ń wúre fún mi. Mo ní "Àmín o!", mo gbé bàrà, mo tì í sínú àpò, mo ka ₦1,000, mo nà án sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n rọra di etí àpò mi mú, wọ́n tún ní "Albarka." Mo tún ní àmín, mo pariwo ẹ̀ díẹ̀ torí mo rò pé wọn ò gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni. Ọmọkùnrin bárò tó wà lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kó tó pẹ́ gbogbo ìsọ̀ ibẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, bàbá pẹ̀lú ẹ̀, èmi sì dúró pẹ̀lú owó lọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé.

Àǹtí sáré dé. Wọ́n ní "Ìwọ, wọ́n ń sọ fún ẹ pé owó tó o dá ò tó, o ń ṣe àmín!" Àṣé bí wọ́n ṣe ń kọ owó nìyẹn. Tó o bá dá iye tí ò tẹ́ ọlọ́jà lọ́rùn lọ́jà Haúsá, kò ní bú ẹ, á kàn ní albarka, bí ìgbà tí èèyàn ní kí Ọlọ́run bù sí i. Tó bá wá gbà, "kawo kudi" lo máa gbọ́, ìyẹn ni mú owó wá. Mo ronú kan àwọn ìyá wa ní Bódìjà àti ohun tí wọ́n máa sọ fún ẹni tó bá dá ₦1,000 lé ọjà ₦3,000. Àdúrà kọ́ ṣá.

A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. ₦1,500, albarka. ₦1,800, albarka. ₦2,000, bàbá wo ojú ọ̀run, wọ́n ní "Kawo kudi." Wọ́n wá bá mi pàrọ̀ bàrà yẹn pàápàá, wọ́n ní èyí tí mo mú ò dáa. Wọ́n yí òmíì sẹ́yìn, wọ́n fi hàn mí níbi tó ti fi sùn sórí ilẹ̀ lóko, ibẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí àwọ̀ òrí, wọ́n ní bí ibẹ̀ bá ṣì funfun, kò tíì gbó. Wọ́n gbá a pẹ̀lú ìka, ó dún gbọ̀ngbọ̀n. Àǹtí ní "Gyara fa?", wọ́n sọ ọsàn méjì sínú àpò. Jàrá tí à ń pè é ní Ìbàdàn náà nìyẹn, àwa tí a ti ní ènì tiwa láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Nígbà tí a padà dé Kubwa, a yà ra tòmátì lọ́wọ́ ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti gbé Jos kó tó wá sí Abuja. Ẹ̀ẹ̀rùn ni owó tòmátì máa ń wálẹ̀, torí àwọn tó ń fi omi odò bomi rin oko lókè ọ̀hún ń kórè lásìkò yẹn, òjò ló máa ń sọ ọ́ di wúrà. Èyí tí mo rí yìí le kankan, kò jọ èyí tó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa tí apẹ̀rẹ̀ ti fún pa lójú ọ̀nà. Ìyá ní ká má wulẹ̀ rántí 2016, nígbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Ebola tòmátì jẹ oko run ní Kaduna. Wọ́n tún ní ewédú nílẹ̀, àmọ́ ayoyo ni wọ́n ń pè é fún àwọn oníbàárà tó kù.

Bàrà yẹn pupa dé èèpo, ó dùn. Nírọ̀lẹ́, ọmọ Àǹtí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, Kubwa ni wọ́n bí i sí, ó wá bẹ̀ mí ní ₦500 fún bisikíìtì. Mo na ₦200 sí i. Ó wò ó, ó wò mí.

"Albarka, Ọ́ńkù."

Mo sọ ọ́ di ₦400. Ó mi orí. Mo sọ ọ́ di ₦500, ó na ọwọ́: "Kawo kudi."